Omi Tí Kì Í Ṣe Ti Òjò

Ẹni tó bá ti wọ danfo rí l'Ékòó mọ ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àfi kó má mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn ọkọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fa ìlà dúdú sí lára, tí kọ̀ńdọ́ ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn tó ń pariwo “Òṣòdì! Òṣòdì! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!”, Volkswagen Transporter ti pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọmọ ìyá ọkọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Ìlú Ọba sọ di ilé alágbèérìn. Wọ́n tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, wọ́n fi ibùsùn, sítóòfù àti kọ́bọ́ọ̀dù kékeré sí i, wọ́n gé òrùlé rẹ̀ sọnù, wọ́n sì fi òmíràn tó ṣeé gbé sókè dípò rẹ̀. Campervan ni orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kámpà lèmi ó máa pè é.

Ọdún 1947 ni oníṣòwò ọkọ̀ kan láti Netherlands, Ben Pon, ya àwòrán àpótí onítáyà mẹ́rin kan sínú ìwé kékeré rẹ̀, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, awakọ̀ níwájú pátápátá. Ní 1950, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ náà jáde. Ní 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia ní Wiedenbrück, Jámánì, ti ń ta ohun èlò tí ènìyàn fi lè sùn nínú rẹ̀. Kí ọdún 1960 tó dé, ilé iṣẹ́ Martin Walter ní Folkestone, ní etíkun Kent, ti ń ta Dormobile, tí òrùlé rẹ̀ máa ń ṣí láti ẹ̀gbẹ́ kan bí ìdérí àpótí, tí àwọn ọmọdé á gun òkè lọ sùn. Orúkọ yẹn wọ àwọn òyìnbó lára débi pé àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣì ń pe gbogbo kámpà ní Dormobile títí di òní. Ní Brazil, Kombi ni wọ́n ń pe Transporter fúnra rẹ̀. Ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbẹ̀, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí di ìparí 2013.

Kí ló dé tí wọ́n ń gé òrùlé ọkọ̀ tó dára? Ọ̀rọ̀ gíga ni. Transporter ga tó nǹkan bíi mítà 2 láti ilẹ̀ dé òkè, nítorí náà àgbàlagbà ò lè nàró nínú rẹ̀ kó máa dáná. Ẹni tó bá sì ra ọkọ̀ gíga kò ní lè gba abẹ́ ọ̀pá tí wọ́n gbé dábùú ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí kọjá. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìlú Ọba bí ọlọ́pàá ṣe pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Òrùlé àgbésókè ló bá wọn yanjú ẹ̀: tó bá wà lórí ìrìn, ó kúrú, tó bá dúró, ó ga, ibùsùn ènìyàn méjì sì tún wà lókè.

Iṣẹ́ panẹ́bítà gidi ni gígé náà. Irin tó ń so ọ̀tún òrùlé mọ́ òsì, tó ń fún ọkọ̀ lágbára, máa ń bá a lọ, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi férémù irin tuntun yí etí ihò náà ká, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Gbogbo etí irin tí ayùn ti kọjá ni wọ́n gbọ́dọ̀ kùn ní ọ̀dà. Bí wọ́n bá fo ibì kan, á dógùn-ún, kò ní kéde fún ẹnikẹ́ni. Lórí férémù yẹn ni wọ́n máa ń gbé ìdérí lé, tí wọ́n fi fáíbà tàbí alumíníọ̀mù ṣe; ti alumíníọ̀mù ni Volkswagen fi sórí California rẹ̀ láti 2003, nígbà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Westfalia tó sì ń ṣe é fúnra rẹ̀. Irú ọ̀pá onígáàsì tó ń ti búùtù mọ́tò sókè ló sábà máa ń gbé ìdérí náà dìde. Rọ́bà yí etí rẹ̀ ká láti ti omi síta nígbà tó bá wà ní pípadé. Láàárín ìdérí àti ara ọkọ̀, aṣọ ni ògiri.

Aṣọ yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí tí wọ́n bá rí omi, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe kékeré. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kánfáàsì tí wọ́n fi òwú hun, tàbí òwú tí wọ́n pò mọ́ polyester. Ihò wà láàárín fọ́nrán rẹ̀, kì í ṣe pé omi ò rí ibi gbà. Ṣùgbọ́n bí omi bá kan òwú, òwú á mu ún, á wú, ihò náà á sì dí. Ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ Shirley Institute ní Manchester lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti hun aṣọ Ventile fún àwọn awakọ̀ òfuurufú Bìrìtìkó, kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá já sínú òkun títutù má tètè kú. Òwú lásán ni, ṣùgbọ́n wọ́n hun ún ní híhun tó ki pọ́pọ́ débi pé tó bá ti wú tán, omi ò rí ọ̀nà mọ́. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé kánfáàsì tuntun lè jò díẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bu omi rin ín, á jẹ́ kó gbẹ, á tún bu omi rin ín, kó tó gbé e lọ sí ìrìn àjò kankan.

Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀: bí kánfáàsì olówùú bá ti rin, ẹ má jẹ́ kí orí, ìrọ̀rí tàbí fóòmù fara tì í láti inú. Ibi tí nǹkan bá ti kàn án ni omi máa gbà wọlé, á sì máa kán síbẹ̀ títí òjò á fi dá. Àwọn ọmọdé kì í gbọ́. Wọ́n á máa fi ìka fa ìlà sára aṣọ láti orí ibùsùn òkè, ìlà náà á sì di odò.

Oríṣi kejì ni aṣọ polyester tí wọ́n fi rọ́bà tàbí ike tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀, bíi tàpólì tó fúyẹ́. Òpó omi ni wọ́n fi ń wọn agbára irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé omi lé e lórí, wọ́n á máa fi kún bí omi náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi máa yọ ní ojú mẹ́ta. Aṣọ tí wọ́n bá kọ mìlímítà 3,000 sí gba omi tó ga tó mítà 3 lórí kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Òjò kankan kì í tẹ ògiri aṣọ tó báyìí. Kí ló wá ń jò? Ojú rírán ni. Abẹ́rẹ́ ti lu aṣọ náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ihò lójú kan. Omi tún máa ń gba ojú síìpù fèrèsé, àti igun tí aṣọ ti máa ń ṣẹ́ po nígbàkigbà tí wọ́n bá pa òrùlé dé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, igun wọ̀nyẹn á wọ̀, ìbòrí ojú rẹ̀ á máa bó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ni ín sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́, tó máa fi Omo tàbí ọṣẹ ìfọṣọ mìíràn fọ̀ ọ́ títí á fi máa dán. Ìyókù ọṣẹ tó kù sára aṣọ a máa pe omi mọ́ra. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti oògùn ìdènà omi tí wọ́n ṣe fún irú aṣọ yẹn ti tó.

Èwo ló dára jù nínú méjèèjì? Àwọn tó ń tà wọ́n máa ń gbé èkejì lárugẹ nítorí nọ́ńbà rẹ̀ ga, nọ́ńbà sì rọrùn láti tà. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú òtútù, òwú ni kó mú, nítorí ó ń jẹ́ kí omi inú èémí gba inú rẹ̀ jáde. Èyí tí wọ́n fi ike bò kì í jẹ́ kí omi wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí omi jáde pẹ̀lú. Ibẹ̀ sì ni ìjọ̀ngbọ̀n gidi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo tọkọtaya kan láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n wa kámpà wọn lọ sí Borrowdale ní agbègbè Lake District, ní oṣù kẹwàá. Ibi tí wọ́n lọ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi òjò ṣeré. Ní Seathwaite níbẹ̀, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan ju mìlímítà 3,000 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Èkó. Lórí òkè Honister tó wà nítòsí rẹ̀, nígbà ìjì Desmond ní oṣù kejìlá 2015, òjò mìlímítà 341.4 rọ̀ láàárín wákàtí 24 péré; kò sí ibi tí wọ́n ti wọn irú rẹ̀ rí ní Ìlú Ọba ṣáájú ìgbà náà. Tọkọtaya yìí ti gbọ́ gbogbo èyí. Wọ́n ti fi oògùn pa aṣọ òrùlé, wọ́n fa gbogbo síìpù dé òkè, wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa gbáà, wọ́n se ọbẹ̀, wọ́n mu tíì, wọ́n gun òkè lọ sùn.

Òjò kankan ò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìràwọ̀ yọ. Nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, omi kán sójú ìyàwó.

“Bàbá Ìbejì, ẹ dìde. Òrùlé yín yìí ti ń jò o.”

“Ìyá Ìbejì, òjò ò rọ̀ mọ́jú.”

“Ṣé áńgẹ́lì ló wá ń da omi sí mi lójú ni?”

Bàbá Ìbejì tan iná, ó rí i pé gbogbo abẹ́ ìdérí ló kún fún ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́, pé aṣọ ògiri tutù bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú báàfù. Ó di dandan kó gbà pé òrùlé ń jò. Tí wọ́n bá padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó máa wá ẹni tó máa fi gọ́ọ̀mù yí gbogbo etí rẹ̀ ká, á san owó ńlá, omi náà á sì tún padà wá. Irú owó báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san lọ́dọọdún lórí òrùlé tí kò ní àrùn kankan.

Ohun tó ṣe wọ́n ti ṣe gbogbo wa nínú danfo. Ẹ rántí oṣù keje, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí ojú ọ̀run, ọkọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, gbogbo ènìyàn ti fa gíláàsì dé nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tutù. Kí ẹ tó dé orí afárá Third Mainland, gíláàsì iwájú ti fọ́jú. Dírẹ́bà ń fi àkísà nù ún láti inú, ó ń bú, ó tún ń nù ún, àwọ̀ funfun náà sì ń padà wá kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀. Àgbà kan á wá pariwo láti ẹ̀yìn pé “Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ jàre, afẹ́fẹ́ ò wọlé!” Bí wọ́n bá ti ṣí i tó ìbú ìka méjì, ojú gíláàsì á là. Òjò kọ́ ló wà lára gíláàsì yẹn nínú. Èémí èrò ọkọ̀ ni. Òjò kàn mú gíláàsì tutù ni, èémí gbígbóná bá gbá a, ó sì di omi. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Borrowdale, àfi pé èrò méjì péré ló wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì fi òru mọ́jú mí, òtútù ìta sì ju ohunkóhun tí Èkó lè dá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tí àgbàlagbà bá sùn fún wákàtí mẹ́jọ, omi tó ń ti ẹnu, imú àti awọ ara rẹ̀ jáde tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin lítà. Ènìyàn méjì á tú nǹkan bí ààbọ̀ lítà, ìyẹn gíráàmù 500, sínú ọkọ̀ mọ́jú. Afẹ́fẹ́ tó wà ní dígírì 20 kò lè gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 17 omi lọ nínú mítà kúbíìkì kan. Bó bá tutù dé dígírì 5, kò lè gbé tó gíráàmù 7. Ká fi inú kámpà tí òrùlé rẹ̀ wà lókè sí mítà kúbíìkì 8. Tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tilẹ̀ gbẹ pátápátá nígbà tí wọ́n wọlé sùn, kò lè gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 140 lọ bó bá móoru, kò sì tó 60 tó bá tutù. Níbo ni ìyókù máa lọ? Bí gbogbo ihò bá dí, ara ọkọ̀ náà ló máa gbà á.

A ò tíì ka tíì àti ọbẹ̀ mọ́ ọn. Gáàsì tí wọ́n fi ń dáná fúnra rẹ̀ ń bí omi: bí kílò kan gáàsì bá jó tán, omi tó jáde nínú iná náà ju kílò kan àtààbọ̀ lọ, yàtọ̀ sí ooru tó ń ti inú ìkòkò jáde. Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà kaná nínú kámpà tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, òun ni òjò. Ẹ lọ se ẹ̀wà nílé, kẹ́ ẹ gbé e sínú kúlà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Bó ṣe jẹ́ òru tí ojú ọ̀run mọ́ lọ̀rọ̀ ṣe bẹ́yìn yọ náà kì í ṣe àdédé. Nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ó ń dá díẹ̀ padà nínú ooru tí ilẹ̀ ń tú jáde. Bí kò bá sí ìkùukùu, ooru ìdérí òrùlé á máa lọ sókè, kò ní padà, ìdérí náà á sì tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ìdí nìyí tí ìrì fi máa ń sẹ̀ jù ní òru tí kò sí ìkùukùu. Ìrì yìí kan náà ló ń sẹ̀ nínú kámpà, ṣùgbọ́n lábẹ́ òrùlé, níbi tí kò sí oòrùn tó máa lá a. Ibi tó bá tutù jù nínú ọkọ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ bà lé: gíláàsì iwájú, irin tí wọn kò fi nǹkan bò, abẹ́ ìdérí, lẹ́yìn náà aṣọ.

Ibì kan wà tí ojú kì í tó, ibẹ̀ ló sì léwu jù. Abẹ́ fóòmù ibùsùn òkè ni. Ara ẹni tó sùn gbóná, pákó tó wà lábẹ́ fóòmù tutù, omi ara á rin gba inú fóòmù lọ sísàlẹ̀, á sì di omi lójú pákó. Lókè, aṣọ ibùsùn gbẹ, kò sẹ́ni tó fura. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé fóòmù náà sókè, ẹ ó rí èbu dúdú tó ti tò bí àwòrán àgbáyé. Àwọn tó gbọ́n máa ń fi ohun kan tí wọ́n hun bíi kànìnkànìn tó le sáàárín fóòmù àti pákó, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún kámpà, díẹ̀ ló wúlò tó o. Àwọn ike kékeré tí wọ́n ń da iyọ̀ sínú rẹ̀ pé yóò mu omi afẹ́fẹ́ wà lára èyí tí mi ò lè fi owó mi rà fún òru kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tó wà ní títì ní gáréèjì ni wọ́n wúlò fún. Omi tí ènìyàn méjì ń mí jáde ju agbára wọn lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òjò ni tàbí ìrì? Ẹ kọ́kọ́ wo gíláàsì iwájú. Bí òun náà bá fọ́jú, tí omi inú òrùlé sì tàn ká bákan náà lọ́tùn-ún lósì, èémí yín ni. Òjò kì í tàn ká bẹ́ẹ̀. Ojú kan ló ń gbà wọlé, á fa ìlà kan, á sì máa padà síbẹ̀ nígbàkigbà tí òjò bá tún rọ̀. Bí omi náà bá pọ́n bí àwọ̀ ìdógùn-ún, ẹ sá tọ ẹni tó mọ iṣẹ́ irin lọ, nítorí etí irin tí wọ́n gé láti fi òrùlé sí i ló ń dógùn-ún. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ wọ́n pàù́dà gbígbẹ sí abẹ́ ojú rírán àti etí rọ́bà, kí ẹnìkan fi họ́ọ̀sì da omi sí ìta láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn jókòó sínú máa wò. Ibi tí pàù́dà bá ti kọ́kọ́ rin ni ihò wà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè, torí omi á ṣàn gba gbogbo ibi kọjá, ẹ ò sì ní mọ èwo ni èwo.

Tó bá jẹ́ èémí, ohun tí yóò wò ó sàn ò dùn mọ́ ẹni tó ń sá fún òtútù nínú: ẹ ṣí nǹkan sílẹ̀. Ẹ fa síìpù fèrèsé aṣọ sílẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ò ti fẹ́, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ nítorí kòkòrò, pàápàá ní Scotland níbi tí kòkòrò kékeré kan wà tó ń jẹ ènìyàn ju ẹ̀fọn lọ. Ẹ tún ṣí ojú kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ wọ̀ láti ibẹ̀, kí èyí tó ti gbé omi jáde lókè. Afẹ́fẹ́ ìta lè rin lójú yín, ṣùgbọ́n ó tutù, omi tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, bó bá sì ti wọlé tó móoru, àyè ti ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti gbé èémí yín. Ẹ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí i. Ó sàn kẹ́ ẹ sùn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ nínú ọkọ̀ tó tutù díẹ̀ ju kẹ́ ẹ sùn sínú ọkọ̀ olóoru tó ń kán sí yín lójú.

Àwọn kan máa ń fi aṣọ nínípọn bo òrùlé náà. Tó bá jẹ́ ìta ni wọ́n ti bò ó, ó dára gan-an, torí ó ń jẹ́ kí aṣọ ògiri móoru, ìrì ò sì ní rí ibi tútù bà lé. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń dènà ooru yín kó má dé ara aṣọ ògiri, aṣọ náà á wá tutù sí i, èémí á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ sẹ́yìn rẹ̀, á di omi níbi tẹ́ ẹ ò ti lè rí i.

Ní ti ìmúlé gbóná, ẹ̀rọ tó ń jó dísù, bíi ti Webasto tàbí Eberspächer, ló yẹ ọkọ̀ kékeré. Ìta ló ti ń gba afẹ́fẹ́ tó fi ń jó, ìta náà ló ń tú èéfín rẹ̀ sí, ooru gbígbẹ nìkan ló ń wọlé. Ẹ má tan sítóòfù gáàsì láti fi yáná láéláé. Yàtọ̀ sí omi tó ń bí, bí afẹ́fẹ́ bá dínkù yóò máa tú carbon monoxide jáde, gáàsì olóró kan náà tó ń ti inú jẹnẹrétọ̀ jáde tó sì ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun nílé wa. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bó bá ti gbọ́ ọ kò wọ́n, ẹ fi í sí ibi tẹ́ ẹ ń sùn sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámpà kì í gbọ́ títí ó fi máa pẹ́ jù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ padà sílé, bóyá òjò ni tàbí ìrì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ pa òrùlé dé pẹ̀lú aṣọ tútù nínú rẹ̀. Kò burú, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ó ti rẹ̀ yín kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e sókè, kódà kó jẹ́ ojú títì iwájú ilé yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú ìṣẹ́po. Aṣọ tútù tí wọ́n ká mọ́ inú òkùnkùn kì í pẹ́ bu, bí ó bá sì ti bu, àbààwọ́n dúdú yẹn kì í kúrò tán mọ́. Aṣọ tuntun fún òrùlé kan sì wọ́n gan-an.

Àwọn ará wa ní Ìlú Ọba ti ń ra kámpà báyìí, àlòkù ni ọ̀pọ̀ sì ń rà. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ lọ wò ó ní òwúrọ̀, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á kó gbé òrùlé sókè kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ iye owó. Ẹ fi imú gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó fi ojú wò ó. Ẹ gbé fóòmù òkè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìka tọ gbogbo igun tí aṣọ ti ń ṣẹ́ po, ẹ fa rọ́bà etí rẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sọ fún yín pé òrùlé náà ò ní ṣeé gbé sókè lónìí nítorí pé òjò ń rọ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.